Àwọn Rẹ́jímẹ́ǹtì Ọmọ Ogun Ẹlẹ́sẹ̀ Ìlú Ọba: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kí ni rẹ́jímẹ́ǹtì gan-an?

Ẹ fi wé agbo ilé. Agbo ilé ní orúkọ, ó ní oríkì, ó ní èèwọ̀ àti ọjọ́ ọdún tirẹ̀, àwọn tó ti kú sì ṣì wà lára rẹ̀. Bí rẹ́jímẹ́ǹtì ṣe rí nìyẹn. Ṣọ́jà lè ṣiṣẹ́ títí yóò fi gba fẹ̀yìntì láìkúrò nínú èyí tó kọ́kọ́ wọ̀. Ẹ bi í pé ibo ló ti ṣe ṣọ́jà, orúkọ rẹ́jímẹ́ǹtì rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́.

Àmọ́ agbo ilé kì í kó ra wọn jáde tán lọ sójú ogun. Bàtálíọ́nù ló ń jagun, ìyẹn ọgọ́rùn-ún mélòó kan ọmọ ogun, nígbà mìíràn tó tó 1,000, lábẹ́ lieutenant-colonel kan. Rẹ́jímẹ́ǹtì lè ní bàtálíọ́nù ẹyọ kan péré, ó sì lè ní wọn rẹpẹtẹ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Northumberland Fusiliers nìkan ní ju 50 lọ. Nítorí náà, tí ẹ bá rí "2nd Royal Scots" nínú ìwé, bàtálíọ́nù kejì nínú Royal Scots ni, kì í ṣe rẹ́jímẹ́ǹtì kejì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà.

Àwọn wo là ń pè ní ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀?

Àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá, tí wọ́n sì ń fi ìbọn ọwọ́ wọn jà. Àwọn tó ń gẹṣin, àwọn tó ń yin àgbá àti àwọn tó ń ṣe afárá ní ìtàn tiwọn lọ́tọ̀. Lóde òní, mọ́tò onírin ló ń gbé púpọ̀ nínú wọn, hẹlikópítà sì ń gbé àwọn míì, ẹlẹ́sẹ̀ náà la ṣì ń pè wọ́n.

Ìgbà wo ni Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í ní ọmọ ogun tí kì í tú ká?

Láyé àtijọ́, ìgbà tí ogun bá dé ni ọba máa ń kó ọmọ ogun jọ. Tógun bá tán, kálukú á gba oko rẹ̀ lọ. Ní 1645 ni Parliament, ilé aṣòfin tó ń bá ọba jagun nígbà náà, dá New Model Army sílẹ̀, àwọn yẹn ló sì ṣẹ́gun Ọba Charles I. Nígbà tí Charles II ọmọ rẹ̀ padà sórí oyè ní 1660, ó tú ẹgbẹ́ ogun náà ká. Ṣùgbọ́n ní January 1661, ó fọwọ́ sí ìwé tó dá díẹ̀ dúró. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ orí army tòní.

Inú àwọn ará ìlú ò dùn sí i. Wọ́n ti rí ohun tí ṣọ́jà lè fi ìlú ṣe nígbà tí ogun ò sí, ọ̀rọ̀ tí a ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní máa ṣàlàyé fún ẹni tó bá dàgbà sí Nàìjíríà. Nígbà tó di 1689, òfin tí wọ́n ń pè ní Bill of Rights là á mọ́lẹ̀ pé ọba ò gbọdọ̀ ní ọmọ ogun lásìkò àlàáfíà láìjẹ́ pé Parliament fọwọ́ sí i. Ẹ kíyè sí i pé Royal Navy ni tojú omi, Royal Air Force ni tojú ọ̀run, àmọ́ British Army lásán ni tilẹ̀. Rẹ́jímẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ló lè jẹ́ Royal, tí ọba bá fi ta á lọ́rẹ.

Èwo ló dàgbà jù nínú wọn?

Ìjà ńlá lẹ fẹ́ dá sílẹ̀ yẹn. Nínú àwọn tí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ọba, Royal Scots ni àgbà títí wọ́n fi kó o pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn ní 2006. Ní 1633 ni Sir John Hepburn kó wọn jọ láti lọ bá ọba ilẹ̀ Faransé jagun, ìyẹn ni wọ́n fi jẹ́ 1st of Foot, ẹlẹ́sẹ̀ kìíní. Ìnagijẹ wọn ni "ẹ̀ṣọ́ Pọ́ńtíù Pílátù", nítorí pé àwọn tó ń bá wọn du ipò àgbà ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe fáàrí pé àwọn ti pẹ́ tó.

Láàárín àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba ni wàhálà wà. 1650 ni George Monck dá Coldstream Guards sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ Parliament. 1656 ni Charles II dá èyí tó wá di Grenadier Guards sílẹ̀ ní Bruges, níbi tó sá lọ. Coldstream ló dàgbà lọ́jọ́ orí, àmọ́ Grenadier ló kọ́kọ́ jẹ́ ti ọba. Ní February 1661, àwọn ọmọ ogun Monck tò sórí Tower Hill, wọ́n gbé ìbọn wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun Parliament, wọ́n sì tún gbé e nílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun ọba. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi ń ka ipò wọn, ìyẹn ni wọ́n fi jẹ́ ìkejì. Wọn ò gbà. Gbólóhùn tí wọ́n fi ṣe àkọlé ara wọn ní èdè Látìn ni Nulli Secundus, ìyẹn ni pé wọn kì í ṣe ìkejì ẹnikẹ́ni. Tí gbogbo ẹ̀ṣọ́ bá sì tò, òpin ìlà lọ́wọ́ òsì ni wọ́n máa ń dúró sí, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí wọn níbi àyè kejì.

Mo fẹ́ lọ wò wọ́n ní Buckingham Palace. Báwo ni mo ṣe máa dá wọn mọ̀ síra?

Ẹ má wo fìlà onírun yẹn, gbogbo wọn ló ń dé e. Bọ́tìnnì àyà ni kẹ́ ẹ wò. Tó bá jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló tò wálẹ̀, Grenadier Guards ni. Tó bá jẹ́ méjì-méjì, Coldstream. Mẹ́ta-mẹ́ta, Scots Guards. Mẹ́rin-mẹ́rin, Irish Guards, tí Ọbabìnrin Victoria dá sílẹ̀ ní 1900. Márùn-ún-márùn-ún, Welsh Guards, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1915. Bí bọ́tìnnì ṣe ń pọ̀ sí i ni ipò ń lọ sílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wà lókèèrè, ẹ wo ìyẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìlà. Funfun lápá òsì ni Grenadier, pupa lápá ọ̀tún ni Coldstream, búlúù lápá ọ̀tún ni Irish, funfun tí àwọ̀ ewé là láàárín lápá òsì ni Welsh. Scots ò ní nǹkan kan.

Orúkọ Grenadier pàápàá lọ́rọ̀ nínú. Lẹ́yìn ogun Waterloo ní 1815 ni wọ́n fún àwọn Grenadier ní orúkọ yẹn, pé wọ́n ṣẹ́gun àwọn grenadier, ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ Napoleon. Àwọn onímọ̀ ìtàn padà rí i pé chasseur, ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ mìíràn, ni wọ́n bá pàdé lójú ogun náà. Àmọ́ ta ló fẹ́ gba orúkọ padà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ọba?

Kí ló dé tí rẹ́jímẹ́ǹtì kan ṣoṣo fi máa ń ní orúkọ mẹ́rin, márùn-ún nínú ìwé?

Níbẹ̀rẹ̀, orúkọ kọ́nẹ́ẹ̀lì tó ni ín ló ń jẹ́, ní ti pé òun gan-an ló ni ín. Ìjọba á kówó lé e lọ́wọ́, òun á fi ra aṣọ, á fi kó èèyàn jọ, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí àwọn Balógun Ìbàdàn ṣe ń ní ọmọ ogun tiwọn lábẹ́ orúkọ tiwọn máa tètè lóye ètò yìí. Tí kọ́nẹ́ẹ̀lì bá kú, orúkọ yí padà.

Nínú ogun kan ní àwọn ọdún 1740, Howard méjì ló ń ṣe kọ́nẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọ̀ tó wà létí apá ẹ̀wù ni wọ́n fi yà wọ́n sọ́tọ̀: àwọn Howard aláwọ̀ ewé, Green Howards, àti àwọn Howard aláwọ̀ awọ màlúù, tí wọ́n gé kù sí The Buffs. Orúkọ méjèèjì lé lórí wọn fún ju 200 ọdún lọ.

Ní 1751, ọba pàṣẹ pé nọ́ńbà ni kí wọ́n máa jẹ́. Ní 1782, wọ́n fi orúkọ agbègbè kún un, kí ìgbanisíṣẹ́ lè rọrùn. Nígbà tó fi máa di 1881, nọ́ńbà ti dé 109, ìgbà náà ni mínísítà Hugh Childers sì ní kí wọ́n kó nọ́ńbà dànù, kí wọ́n so àwọn rẹ́jímẹ́ǹtì méjì-méjì pọ̀ sábẹ́ orúkọ agbègbè. Bí bàtálíọ́nù kan bá wà ní India, èkejì á wà nílé, á máa fi èèyàn ránṣẹ́ sí i.

Ṣé wọ́n gba àyípadà 1881 yẹn wọ́ọ́rọ́wọ́?

Rárá o. Malta ni 75th wà nígbà tí àṣẹ dé pé kí wọ́n lọ di ọ̀kan náà pẹ̀lú 92nd, Gordon Highlanders ti Scotland, tó lókìkí jù wọ́n lọ. Wọ́n gbé òkúta ibojì kalẹ̀ fún nọ́ńbà wọn ní Floriana, wọ́n sì kọ ewì sára rẹ̀, pé 75th sùn síbí, àmọ́ yóò jíǹde nínú aṣọ àwọn ará Scotland. Ẹ̀fẹ̀ ni, àmọ́ ẹ̀fẹ̀ tó ní omijé nínú ni. Títí di ogun 1914, àwọn ọ̀gá kan ṣì ń fi nọ́ńbà àtijọ́ pe ara wọn nínú yàrá oúnjẹ wọn.

Ṣé òótọ́ ni pé owó ni wọ́n fi ń ra ipò ọ̀gá?

Òótọ́ ni, títí di 1871. Iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún ensign, ipò tó kéré jù láàárín àwọn ọ̀gá ẹlẹ́sẹ̀, ni £450. Ti lieutenant-colonel jẹ́ £4,500. Lábẹ́ tábìlì, iye tó ń yí lọ́wọ́ ju ìyẹn lọ dáadáa. Tí ọ̀gá bá fẹ́ fẹ̀yìn tì, á ta ipò rẹ̀ fún ẹni tó tẹ̀ lé e, owó yẹn ni owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Tí ìbọn bá pa á, owó rẹ̀ ṣòfò. Ẹni tó mọṣẹ́ tí kò sì lówó lọ́wọ́ máa wà lójú kan títí irun rẹ̀ á fi funfun.

Edward Cardwell, mínísítà ètò ogun, ló gbógun ti ètò yìí. Àwọn ìjòyè ilé aṣòfin àgbà fẹ́ dí i lọ́nà, ni Gladstone, olórí ìjọba, bá gba ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin lọ, ó fi àṣẹ ọba fagi lé e. Cardwell kan náà ló dín ọdún iṣẹ́ kù: 12 ọdún lápapọ̀, ìdajì lẹ́nu iṣẹ́, ìdajì nílé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n lè pè padà.

Kí ló dé tí aṣọ wọn fi pupa? Ṣé kí ẹ̀jẹ̀ má bàa hàn ni?

Ìtàn ẹ̀jẹ̀ yẹn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìgbànú funfun ni wọ́n gbé kọ́ra sórí pupa yẹn. Láti ìgbà New Model Army ni pupa ti wà, aró tí wọ́n ń rí láti ara gbòǹgbò madder sì pọ̀ lọ́jà, kò wọ́n. Ti àwọn ọ̀gá ló pọ́n dòò, torí pé aró olówó ńlá ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀: èéfín ìbọn ayé àtijọ́ máa ń bo gbogbo pápá, ó sì ṣe pàtàkì kéèyàn lè mọ ẹni tirẹ̀.

Nígbà tí ìbọn tó ń lọ jìnnà dé, aṣọ tó ń hàn di ikú. India ni káákì ti wá, orúkọ rẹ̀ nínú èdè ibẹ̀ sì túmọ̀ sí aláwọ̀ erùpẹ̀. Ginnis ní Sudan, ní ọjọ́ 30 December 1885, ni ogun ìkẹyìn tí wọ́n ti wọ pupa jà.

Kí ni wọ́n ń fi àsíá ṣe tí wọ́n fi ń kú nítorí rẹ̀?

Láàárín èéfín tí mo sọ yẹn, àsíá lẹ máa wò tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí àwọn ará yín wà. Méjì ni bàtálíọ́nù máa ń ní, ọ̀kan ti ọba, ọ̀kan ti rẹ́jímẹ́ǹtì, wọ́n sì máa ń ran orúkọ àwọn ogun tí wọ́n ti jà sí i lára. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀pá àṣẹ.

Ní ọjọ́ 22 January 1879, àwọn Zulu pa bàtálíọ́nù kìíní 24th run ní Isandlwana. Lieutenant Melvill gbé àsíá Ọbabìnrin sá kúrò, òun àti Lieutenant Coghill bọ́ sínú Odò Buffalo, omi gbé àsíá lọ mọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì kú sí òdìkejì odò. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n rí i fà yọ nínú omi. Inú kàtídírà Brecon ní Wales ló wà. Nígbà tó di January 1881, 58th gbé tiwọn lọ sí ogun Laing's Nek, ní gúúsù Áfíríkà kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò tún sí rẹ́jímẹ́ǹtì Ìlú Ọba tó gbé àsíá lọ sójú ìjà. Bí àsíá bá ti gbó, wọn kì í jù ú nù, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n máa ń gbé e kọ́ sí títí yóò fi jẹrà fúnra rẹ̀.

The Rifles ò ní àsíá. Kí ló fà á?

Iṣẹ́ ìfarapamọ́ ni wọ́n dá wọn sílẹ̀ fún. Ní 1800 ni ẹgbẹ́ tó di 95th Rifles, baba ńlá wọn, bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìbọn Baker tí inú ẹnu rẹ̀ ní ilà tó ń mú ọta yí, kó lè lọ gbọnrangandan. Wọ́n wọ àwọ̀ ewé, bí ọdẹ. Ọdẹ wo ló ń gbé àsíá wọgbó? Títí dòní, wọ́n ń yára rìn ju àwọn yòókù lọ lórí pápá, ìṣísẹ̀ 140 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Mo gbọ́ pé wọ́n fi òbúkọ jẹ ṣọ́jà. Ṣé àwàdà ni?

Kì í ṣe àwàdà rárá. Royal Welch Fusiliers ti ń mú òbúkọ rìn láti ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn Royal Welsh ló sì jogún rẹ̀. Ó ní ipò, ó ní nọ́ńbà iṣẹ́, ọmọ ogun kan sì wà tó ń tọ́jú rẹ̀. Ní June 2006, ní Cyprus, òbúkọ tó ń jẹ́ William Windsor ò tẹ̀ lé ìlù lọ́jọ́ ìbí Ọbabìnrin, ó sì ń fẹ́ kan onílù kan. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án, wọ́n gba ipò lance corporal lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di fusilier lásán. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tó ti túwà ṣe, wọ́n dá ipò rẹ̀ padà. Ó fẹ̀yìn tì ní 2009, ó sì lọ gbé inú ọgbà ẹranko Whipsnade.

Irú àṣà bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn tó jogún ogun Minden ti 1 August 1759 máa ń fi òdòdó rose sí fìlà lọ́jọ́ yẹn. Gloucestershire Regiment, kí wọ́n tó dà á pọ̀ mọ́ òmíràn ní 1994, máa ń lẹ bájì mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn fìlà, nítorí pé ní Alexandria ní 1801, ọ̀tá ká wọn mọ́ níwájú lẹ́yìn, ni ìlà ẹ̀yìn bá yí padà, wọ́n sì ń jà ní fífẹ̀yìn ti ara wọn.

Àwọn "Pals" (ìyẹn ọ̀rẹ́) ti 1914, àwọn wo nìyẹn?

Ìjọba ṣèlérí pé àwọn tó bá jọ forúkọ sílẹ̀ máa jọ jagun. Ni àwọn ará àdúgbò kan, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan, ọmọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan bá kóra jọ di bàtálíọ́nù. Ìlérí náà ṣẹ. Ibi tó burú sí ni pé wọ́n tún jọ kú.

Ní ọjọ́ 1 July 1916, ní Somme ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ọmọ Accrington, ìlú kan ní England, ìyẹn bàtálíọ́nù kọkànlá East Lancashire Regiment, jáde láti kọ lu abúlé Serre. Nǹkan bí 700 ló jáde. Láàárín bí ìdajì wákàtí, 584 nínú wọn ti kú, ti gbọgbẹ́, tàbí wọ́n di àwátì. Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn, 57,470 ni iye àwọn tí ọ̀ràn kàn nínú gbogbo ọmọ ogun Ìlú Ọba níbẹ̀, 19,240 nínú wọn ló kú. Àdúgbò kan náà, òpópónà kan náà ni lẹ́tà ikú ń wọ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Níbo làwọn rẹ́jímẹ́ǹtì Ireland wọlẹ̀ sí?

Nígbà tí gúúsù Ireland gba òmìnira, rẹ́jímẹ́ǹtì ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tó ń gba èèyàn níbẹ̀ ò ní ilé mọ́: Royal Irish Regiment, Connaught Rangers, Leinster, Munster Fusiliers àti Dublin Fusiliers. Ní ọjọ́ 12 June 1922, wọ́n kó àsíá wọn lọ fún George V ní ààfin Windsor. Nígbà tí wọ́n fi padà sílé, àwọn tiwọn ń wò wọ́n bí ẹni tó sin ọ̀tá.

Ṣé ọmọ Ìlú Ọba ni àwọn Gurkha?

Ọmọ Nepal ni wọ́n. Nígbà tí ilé iṣẹ́ East India Company bá Nepal jagun láti 1814 sí 1816, ó rí i pé àwọn tí òun ń bá jà kì í ṣe ẹran ọdẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n síṣẹ́ kí ogun tó parí. Nígbà tí India gba òmìnira ní 1947, rẹ́jímẹ́ǹtì mẹ́wàá ló wà: India mú mẹ́fà, Ìlú Ọba mú mẹ́rin. Mẹ́rin yẹn ló di Royal Gurkha Rifles ní 1994.

Ṣé aláwọ̀ dúdú wà nínú rẹ́jímẹ́ǹtì wọn kí ogun àgbáyé tó dé?

Ó wà, ó sì ti pẹ́. Ní 1759, Admiral Boscawen kó ọmọkùnrin dúdú mẹ́wàá ní Guadeloupe, ó sì fi wọ́n ta àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ kọ́nẹ́ẹ̀lì 29th lọ́rẹ. Wọ́n sọ wọ́n di onílù. Látìgbà náà títí di 1843, 29th ò ṣaláìní onílù aláwọ̀ dúdú. Onílù ló sì máa ń na ṣọ́jà tó bá ṣẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Boston ní 1768, ojú àwọn ará ìlú rí ohun tí wọn ò rí rí: ọmọ aláwọ̀ dúdú ń fi pàṣán na òyìnbó ní gbangba.

West India Regiments ló tóbi jù. 1795 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn sílẹ̀ fún erékùṣù Caribbean, níbi tí ibà ti ń pa àwọn òyìnbó bí eṣinṣin. Báwo ni wọ́n ṣe rí èèyàn? Wọ́n rà wọ́n ni. Láàárín 1795 sí 1808, ìjọba ra nǹkan bí 13,400 ẹrú, wọ́n sì gbé ìbọn lé wọn lọ́wọ́. 1807 ni òfin sọ wọ́n di òmìnira. Wọ́n tú rẹ́jímẹ́ǹtì náà ká ní 1927.

Ṣé Yorùbá wà lára wọn?

Wọ́n wà. Lẹ́yìn tí Ìlú Ọba fòfin de òwò ẹrú, ọkọ̀ ogun wọn ń mú ọkọ̀ àwọn oníṣòwò lójú òkun, wọ́n sì ń já èèyàn sílẹ̀ ní Freetown àti ní Caribbean. Ogun ilẹ̀ wa ló kó ọ̀pọ̀ nínú wọn débẹ̀. Freetown ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Àkú, nítorí "ẹ kú" tí kì í kúrò lẹ́nu wọn. Àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ológun a máa dúró dè wọ́n ní èbúté. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ohun tó ń tọwọ́ bọ̀?

Ní òru 17 mọ́jú 18 June 1837, àwọn ṣọ́jà tuntun 1st West India Regiment dìde ní bárékè St Joseph ní Trinidad. Yorùbá wà láàárín wọn. Olórí wọn ni Daaga, ọmọ ilẹ̀ Pópó, tí ìjọba sọ ní Donald Stewart. Wọ́n kó ìbọn, wọ́n dáná sun ilé, wọ́n sì kọrí sí ìlà oòrùn, pé àwọn ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Erékùṣù ni wọ́n wà. Ní August ọdún yẹn, wọ́n yìnbọn pa Daaga àti méjì mìíràn. Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn náà ni èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà náà: Daaga fúnra rẹ̀ ti máa ń ta Yorùbá tó bá kó lógun fún àwọn Potogí, àwọn Potogí náà ló sì tàn án wọnú ọkọ̀. Òun àti àwọn tí ì bá tà ni wọ́n jọ wọ aṣọ pupa.

Ṣé Nigeria Regiment jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ́jímẹ́ǹtì British Army?

Rárá, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń da ọ̀rọ̀ pọ̀. Ìran tirẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa tí Glover, Ọba Gólóbà, kó jọ ní Èkó ní 1863 ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà lábẹ́ ọ̀gá òyìnbó bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọn ní 1892, kì í ṣe rẹ́jímẹ́ǹtì kan láti England. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ló ni West African Frontier Force, ẹgbẹ́ ogun tí Nigeria Regiment wà nínú rẹ̀, títí ogun 1939 fi dé, kì í ṣe ọ́fíìsì ogun.

Wọ́n jà ní Kamẹrúùnù, ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, ní Etiópíà, àti ní Bọ́mà nínú Division 81 àti 82. Àmì Division 82 ni ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká kọjá ara wọn. Òṣùká gan-an tí ìyá yín fi ń ru igbá. Igbó ibẹ̀ ò gba mọ́tò, orí èèyàn ló ru oúnjẹ àti ọta dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jà.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń pa àwọn orúkọ àtijọ́ rẹ́?

Owó ni. Ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ dín kù, ọmọ ogun náà sì ń dín kù. Ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ́jímẹ́ǹtì méjì tàbí mẹ́fà ni wọ́n ń pò pọ̀. Ní 2006, wọ́n kó gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ Scotland, yàtọ̀ sí Scots Guards, sínú Royal Regiment of Scotland. Black Watch di orúkọ bàtálíọ́nù kan nínú rẹ̀, ariwo sì sọ. Wọ́n fi ìyẹ́ pupa orí fìlà sílẹ̀ fún wọn, bí ìgbà tí wọ́n ta ilé bàbá ẹni tí wọ́n sì ní kó mú ilẹ̀kùn.

Àwọn kan yàn láti kú ju kí wọ́n bá ẹlòmíràn pọ̀. Ní 14 May 1968, Cameronians péjọ sí ibi tí wọ́n ti dá wọn sílẹ̀ ní Douglas, ní Scotland, ní 1689. Ọmọlẹ́yìn ìsìn tí ìjọba ń dọdẹ ni àwọn baba ńlá wọn, orí pápá ni wọ́n ti ń jọ́sìn pẹ̀lú ìbọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é lọ́jọ́ ìkẹyìn: wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ sí gbogbo igun, ọ̀gá kan wá jíṣẹ́ pé ọ̀tá ò sí nítòsí, nígbà náà ni àlùfáà tó bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi àgbà jagun. Níbo ni mo ti lè rí orúkọ wọn?

Tó bá jẹ́ rẹ́jímẹ́ǹtì Ìlú Ọba ni wọ́n wọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní National Archives ní Kew. Ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bọ́ǹbù àwọn Jámánì jó ilé tí wọ́n kó ìwé Ogun Àgbáyé Kìíní sí ní September 1940, ó sì ju ìdajì ìwé àwọn ṣọ́jà náà lọ tó ṣègbé. Káàdì orúkọ àwọn tó gba mẹ́dàlì ò jóná, ẹ wá ìyẹn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ́jímẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan náà máa ń ní ìwé tí Kew ò ní.

Tó bá jẹ́ láti ilé ni wọ́n ti lọ, ẹ gbé fọ́tò jáde, kẹ́ ẹ wo bájì fìlà. Igi ọ̀pẹ túmọ̀ sí Royal West African Frontier Force, ẹ má sì wá wọn láàárín àwọn rẹ́jímẹ́ǹtì England. Tí wọn ò bá padà wálé láti Bọ́mà, orúkọ wọn lè wà lára àwọn 27,000 tó wà lára òpó ìrántí ní Taukkyan, lẹ́bàá Yangon (tí wọ́n ń pè ní Rangoon tẹ́lẹ̀), Commonwealth War Graves Commission sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbìyànjú oríṣiríṣi sípẹ́lì, akọ̀wé òyìnbó ló kọ orúkọ náà bó ṣe gbọ́ ọ sí. Bí ìwé kankan bá ṣì wà nínú àpótí nílé, ẹ wá nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA, torí pé nọ́ńbà ò ní sípẹ́lì.